Àyẹ̀wò Àkójọ Wáyárìn àti Tiráfíkétọ̀ LED fún Honda CB350 Àtijọ́

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó sínú àkójọ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí, ìdì wáyà ló tó owó rẹ̀, fíláṣà (ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí tiráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú) ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, gílóòbù LED ṣe dáadáa níbì kan ó sì kù díẹ̀ káàtó níbòmíràn, àwọn rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́wọ́, tó sì ń sọ ọ́ di ooru) mẹ́rin tó wà nínú ọ̀rá kékeré kan kò sì yẹ kí wọ́n fara kan alùpùpù náà rárá. Àwòrán gílóòbù ni wọ́n yà gàdàgbà sára páálí, gílóòbù yìí kan náà ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra irú ọjà báyìí, nítorí wọ́n gbà pé iná tó mọ́lẹ̀ jù ni oògùn tiráfíkétọ̀ tó ti ń ṣe ségesège. Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti so gbogbo rẹ̀ mọ́ alùpùpù tí mo sì ti gùn ún nínú òjò àti nínú oòrùn, ni pé inú wáyà, ojú ìsopọ̀ àti áàtì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) ni àìsàn náà wà, àti pé ẹni tó bá tún àwọn wọ̀nyí ṣe kò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò ohun mìíràn. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ta irú àkójọ yìí lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi, ohun tó wà nínú wọn sì jọra gan-an, nítorí náà irú ọjà náà ni mò ń yẹ̀ wò, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ṣe é.

Alùpùpù tí mo fi dán an wò ni Honda CB350, èyí tí Honda ṣe láti 1968 títí di 1973. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà méjì, ó jẹ́ 325 cc, iná rẹ̀ jẹ́ onífólítì 12, ẹnu négétíìfù bátìrì rẹ̀ ló sì so mọ́ férému. Ó ti lé ní 50 ọdún tí wọ́n ti ta wáyà tó wà lára rẹ̀. Rọ́bà tó bo wáyà náà ti gan, ó ń ṣán bí a bá ṣẹ́ ẹ, bàbà inú rẹ̀ sì ti dúdú láti ẹnu títí wọ abẹ́ rọ́bà níbi tí ojú kò tó. Tiráfíkétọ̀ ọ̀tún ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn, ti òsì tàn kalẹ̀ láìṣẹ́jú, bí mo bá sì tẹ bíréèkì ní alẹ́ nígbà tí iná iwájú wà ní títàn, méjèèjì á dákẹ́. Ẹni tó bá ti gun alùpùpù àtijọ́ rí yóò mọ irú ìwà yìí dáadáa, Honda nìkan kọ́ ló sì ń hù ú.

Kí ó tó lè yé wa bóyá àkójọ yìí wúlò, ó yẹ kí á mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fíláṣà àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń ka àkókò. Inú rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀, bí ooru bá sì mú wọn, ìkan máa ń gùn ju ìkejì lọ, èyí yóò mú kí irin náà tẹ̀. Iná tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ gílóòbù gba ibẹ̀ kọjá, ó mú irin náà gbóná, irin náà tẹ̀, ó já iná, ó tutù, ó padà sí àyè rẹ̀, iná sì tún kọjá. Bí ó ṣe ń ṣẹ́jú nìyẹn. Nítorí náà, bí iná tó ń gbà á kọjá bá ti pọ̀ tó ni ìṣẹ́jú rẹ̀ yóò ṣe yá tó. Wọ́n ṣe é fún gílóòbù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ wáàtì 21, wáàtì 42 ni àpapọ̀ wọn, èyí tí í ṣe ámípù 3.5 lórí fólítì 12. Bí gílóòbù kan bá kú, tàbí bí áàtì kan bá ti dípẹtà, iná tó ń kọjá kò ní tó mú irin náà gbóná, yóò lọ́ra tàbí kí ó dúró sí ojú kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bú fíláṣà nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á sì ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ fíláṣà náà kò ṣẹ̀, ìròyìn ló ń mú wá pé ohun kan ti bàjẹ́ níbòmíràn.

Láti inú àlàyé yìí ni a ó ti rí ìdí tí gílóòbù LED kì í fi bá fíláṣà àtijọ́ ṣiṣẹ́. Àwọn tó wà nínú àkójọ yìí ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 2.5 lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì kò sì ju nǹkan bí ámípù 0.4 lọ. Irin inú fíláṣà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun kọjá, iná á sì tàn gbére. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti kó fíláṣà tuntun sí i.

Fíláṣà tuntun yìí jẹ́ oníwáyà mẹ́ta. Dúdú ń gba iná láti ọ̀dọ̀ súìsì kọ́kọ́rọ́, aláwọ̀ eérú ń gbé e lọ sí súìsì tiráfíkétọ̀, aláwọ̀ ewé ń lọ sí áàtì. Wáyà áàtì yìí ni ohun tí fíláṣà àtijọ́ kò ní, òun ló sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ lè máa ka àkókò fúnra rẹ̀ láìwo iye iná tí gílóòbù ń jẹ. Òfin ìrìnnà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti Amẹ́ríkà fi ìṣẹ́jú tiráfíkétọ̀ sí àárín ìgbà 60 àti ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti fíláṣà yìí sì wà ní nǹkan bí 85, ìwọ̀n tó dára tí ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tètè gbá mú. Kò yí padà bóyá ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́ níbi iná ojú pópó tàbí ó ń sáré, kò sì yí padà nígbà tí mo tẹ bíréèkì. Mo tún dá gílóòbù olókùn àtijọ́, irú èyí tí okùn irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ń gbóná kí ó tó tàn, padà sí i láti mọ̀ bóyá yóò gbé ámípù 3.5, ó sì gbé e láìgbóná.

Ohun méjì ni n kò fẹ́ràn nípa rẹ̀. Ìkíní ni pé bí gílóòbù kan bá kú, èyí tó kù á máa ṣẹ́jú lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà lórí alùpùpù kò sì ní mọ̀ àfi bó bá sọ̀kalẹ̀ wò ó. Fíláṣà àtijọ́ ì bá ti sọ fún un. Ìkejì ni pé ara rẹ̀ kéré ju ti àtijọ́ lọ, kò lè dúró nínú ìdè rọ́bà tí Honda ṣe sábẹ́ ìjókòó, bí a bá sì fi sílẹ̀ kó máa jó kiri, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì yóò já ẹsẹ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Mo fi rọ́bà tínrín wé e kí ó tó dúró. Ó yẹ kí ẹni tó ṣe é ti rò ó.

Nípa rẹsísítọ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Óòmù 8 (ìwọ̀n ìdíwọ́ iná) ni wọ́n kọ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí fólítì 12, èyí túmọ̀ sí ámípù 1.5 àti wáàtì 18 tí yóò di ooru lásán. Lórí fólítì 14 tí bátìrì sábà máa ń ní nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, ó lé ní wáàtì 24. Iṣẹ́ wọn ni láti tan fíláṣà àtijọ́ jẹ kí ó rò pé gílóòbù olókùn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ní fíláṣà oníwáyà mẹ́ta kò nílò wọn rárá, bó bá sì so wọ́n, gbogbo iná tí LED bá a dín kù ni yóò tún fi ṣòfò, ooru wọn sì lè yọ́ rọ́bà wáyà tó bá sún mọ́ ọn. Kí wọ́n tilẹ̀ kó wọn pọ̀ mọ́ fíláṣà tí kò nílò wọn jẹ́ kí n rò pé ẹni tó di páálí náà kò bá ẹni tó ṣe fíláṣà sọ̀rọ̀.

Gílóòbù LED ni mo fi àkókò tó pọ̀ jù yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń polówó. Ìdí rẹ̀ jẹ́ BA15s, onípíìnì méjì tó dojú kọra, ó sì wọ inú ihò àtijọ́ láìyọnu. Àwọ̀ ọsàn ni iná rẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí sì dára, nítorí pé LED funfun tí a bá fi sẹ́yìn ìbòrí aláwọ̀ ọsàn máa ń mú kí iná náà ràn bí èyí tó ti ṣá. Ìmọ́lẹ̀ LED funfun kún fún àwọ̀ búlúù tí ìbòrí náà kò ní jẹ́ kó kọjá, ohun tó kù kò sì tó nǹkan. LED aláwọ̀ ọsàn kò ní ìṣòro yìí, ohun tó bá tàn ni yóò jáde.

Ibi tí ó ti kùnà ni bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń tàn káàkiri. Àwo dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù nínú tiráfíkétọ̀ CB350 ni wọ́n ṣe fún okùn tín-ín-rín kan tó ń tàn láti ojú kan ṣoṣo, tó sì ń ju ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Gílóòbù LED yìí kó ọ̀pọ̀ ẹyin iná rẹ̀ sí orí, ó fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó dúró gan-an lẹ́yìn alùpùpù yóò rí iná tó gún un lójú, ẹni tó bá wà ní igun, bí i dírẹ́bà tó fẹ́ jáde láti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, yóò rí iná tó rẹ̀wẹ̀sì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà ní igun yìí gan-an ni tiráfíkétọ̀ ṣe pàtàkì fún jù. Mo gbé alùpùpù náà sínú oòrùn ọ̀sán, mo fi LED sí apá kan, mo fi gílóòbù olókùn wáàtì 21 sí apá kejì, lórí wáyà tuntun kan náà. Láti ẹ̀yìn, LED ló mọ́lẹ̀ jù. Láti igun, gílóòbù àtijọ́ ló borí, kò sì ṣòro láti rí i. Ní alẹ́, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan.

LED ní àǹfààní tirẹ̀ tí n kò fẹ́ fojú kéré. Ó ń tàn lójú ẹsẹ̀ láìdúró kí okùn gbóná, kì í mú ìbòrí àtijọ́ gbóná, gbígbọ̀n kì í tètè pa á, ó sì ń dín ẹrù tó wà lórí bátìrì kù nígbà tí alùpùpù bá dúró síbi iná pópó fún ìgbà pípẹ́. Fún ẹni tó ń gùn ní ìlú tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pọ̀, ìdí tó kẹ́yìn yìí lè tó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò gbà kí á fi LED sínú iná tí wọ́n fọwọ́ sí fún gílóòbù olókùn. Ẹni tó bá fẹ́ LED láìrú òfin lè ra tiráfíkétọ̀ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ LED láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tó ní lẹ́tà E nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i, àti nọ́ńbà 11 fún iwájú tàbí 12 fún ẹ̀yìn. Gílóòbù inú àkójọ yìí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń da orí ẹni rú nígbà tó bá kọ́kọ́ so LED tán: tó bá tan ti ọ̀tún, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa ṣẹ́jú. Iná kékeré ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń fa èyí. Lórí CB350, ọ̀kan ṣoṣo ni iná yìí, ó sì ń tàn fún apá méjèèjì, nítorí pé wọn kò so ó mọ́ áàtì. Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ wáyà tiráfíkétọ̀ òsì, wọ́n so èkejì mọ́ ti ọ̀tún. Bí ọ̀tún bá ń tàn, iná á gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí apá òsì, yóò sì gba okùn gílóòbù òsì lọ sí áàtì. Iná tó ń kọjá náà kéré, gílóòbù olókùn kò ní tàn nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n fún LED ó ti tó, ó ti pọ̀ jù pàápàá. Ọgbọ́n tí Honda dá yìí dára fún ìgbà tirẹ̀, ó dín wáyà kan kù.

Àkójọ náà ní ojútùú fún un, mo sì yìn wọ́n fún èyí. Dáyóòdù méjì tí wọ́n ti so pọ̀ sínú rọ́bà kan ni wọ́n kó sí i: ẹnu kan gba iná láti òsì, ẹnu kejì gba ti ọ̀tún, wọ́n pàdé síbi kan tó lọ sí iná dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ kejì iná náà á sì wá lọ sí áàtì. Dáyóòdù kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, nítorí náà apá kan kò ní lè tan ìkejì mọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ìwé ìtọ́sọ́nà kò mẹ́nu bà á. Ẹni tí kò bá mọ̀ ohun tí rọ́bà kékeré yẹn wà fún lè jù ú nù, kí ó sì máa wá àléébù kiri nínú fíláṣà.

Mo wá dé orí ìdì wáyà, níbi tí owó ẹni wọlé sí. Àwọ̀ Honda ni wọ́n tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀: pupa láti bátìrì, dúdú fún iná tó ti kọjá kọ́kọ́rọ́, aláwọ̀ ewé fún áàtì, aláwọ̀ eérú láti fíláṣà, aláwọ̀ ọsàn fún tiráfíkétọ̀ òsì, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ fún ti ọ̀tún, búráùn fún iná ẹ̀yìn, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà ìyeyè fún bíréèkì. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Àwòrán wáyárìn tó wà nínú ìwé àtijọ́ ṣì bá alùpùpù náà mu, rewáyà tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò sì ní láti máa fi míta wá ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti bá alùpùpù pàdé tí ẹnìkan ti fi wáyà pupa ṣe gbogbo rẹ̀ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó tún yẹ kí á rántí pé àwọ̀ ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe ti ìkejì: lára Yamaha, búráùn dúdú ni òsì, aláwọ̀ ewé dúdú ni ọ̀tún, dúdú sì ni áàtì, nítorí náà ẹni tó bá fi ìmọ̀ Honda ṣe Yamaha yóò so iná mọ́ áàtì kí ó tó mọ̀.

Bàbà inú wáyà náà mọ́, ó rọ̀, ó sì nípọn tó. Ẹnu ìsopọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú olórí róbótó tí àwọn alùpùpù Japan ń lò, milimítà 3.9, a tẹ̀ wọ́n mọ́ wáyà dáadáa, ìdè kan di bàbà mú, èkejì di rọ́bà mú. Inú mi dùn pé wọn kò fi lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà, jó wọn. Lẹ́ẹ̀dì máa ń fà wọ inú okùn bàbà, yóò sì mú kí ó le ganpa níbi tó parí sí, ibẹ̀ ni gbígbọ̀n yóò sì ti ṣẹ́ ẹ. Gígùn àwọn ẹ̀ka rẹ̀ bá férému mu, gbogbo èyí tó yẹ kó pàdé nínú agolo iná iwájú ló dé ibẹ̀, àfi ẹ̀ka súìsì bíréèkì ẹ̀yìn tí mo ní láti fà tipátipá kí ó tó kàn án.

Ṣùgbọ́n ohun tó ya àkójọ yìí sọ́tọ̀ ni wáyà áàtì tó dá dúró fún tiráfíkétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, iná tiráfíkétọ̀ ń padà sí bátìrì nípasẹ̀ irin tó gbé e dúró: láti ara ọ̀pá rẹ̀ sí etí fọ́ọ̀kì, láti ibẹ̀ gba bírìn ọrùn alùpùpù tó kún fún gíríìsì, kí ó tó dé férému. Ní ojú ọ̀nà yìí, kirómù ń ṣí, ìpẹtà ń wọlé, ẹni tó tún alùpùpù náà kùn sì ti fi ọ̀dà bo ibi tó yẹ kí irin kan irin. Nígbà tí mo wọn fólítì lẹ́nu gílóòbù iwájú ọ̀tún kí n tó tú wáyà àtijọ́, 9.8 ni mo rí, bẹ́ẹ̀ bátìrì wà ní 12.5. Lẹ́yìn tí mo so ìdì wáyà tuntun, tí gílóòbù àtijọ́ kan náà sì wà níbẹ̀, ó di 12.1. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù olókùn kì í dín kù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fólítì, ó máa ń jábọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní fólítì 9.8, gílóòbù náà kò mú ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó mú wá. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ń lọ wá nínú LED, ó sì ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá alùpùpù tirẹ̀ nílò irú ìdì wáyà yìí kí ó tó náwó lè fi míta yẹ̀ ẹ́ wò láìtú ohunkóhun. Kí ó tan tiráfíkétọ̀, kí ó fi ẹnu míta kan sí négétíìfù bátìrì, kí ó fi èkejì kan ara irin tiráfíkétọ̀ náà. Ní àkókò tí iná bá tàn, kò yẹ kí ó rí ju nǹkan bíi fólítì 0.2 lọ. Bó bá rí fólítì kan tàbí méjì, áàtì rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sí gílóòbù tí yóò ṣe àtúnṣe rẹ̀.

Àpótí fíúsì tó bá ìdì wáyà náà wá jẹ́ ìlọsíwájú gidi. Fíúsì onígíláàsì kan ṣoṣo, ámípù 15, ni Honda fi sí CB350 fún gbogbo iná rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí wáyà iná ẹ̀yìn bá họ tó sì kan irin, ẹ́ńjìnnì pàápàá yóò kú lójú ọ̀nà. Àpótí tuntun yìí pín in sí mẹ́rin, tiráfíkétọ̀ sì ní tirẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé ámípù 10 ni wọ́n fi sí ojú tiráfíkétọ̀, ó sì pọ̀ jù. Ámípù 5 tó fún gílóòbù olókùn, ó sì tó fún LED pẹ̀lú. Mo pààrọ̀ rẹ̀.

Àkójọ yìí kò kan ọ̀dọ̀ ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún bátìrì. Wáyà ìyeyè, píǹkì àti funfun tó ń ti ibẹ̀ wá wà ní àyè wọn, kò sì sí rẹtifáyà (ohun tó ń yí iná ọ́tánétọ̀ padà sí irú tí bátìrì lè gbà) tuntun nínú páálí. N kò kà á sí ẹ̀bi, nítorí pé iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Àwọn tí alùpùpù wọn kì í ṣe irú èyí ní láti ṣọ́ra. Onífólítì 6, irú èyí tí Honda Super Cub ní nígbà tó jáde ní 1958, kò lè lo gílóòbù tàbí fíláṣà inú àkójọ yìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ni ojú ìsopọ̀ tí kò dára ń fìyà jẹ jù, nítorí pé gílóòbù wáàtì 21 méjì lórí fólítì 6 ń fa ámípù 7, ìlọ́po méjì ti fólítì 12, gbogbo ìdíwọ́ kékeré ojú ọ̀nà sì ń jẹ lára fólítì tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Fún wọn, wáyà tó nípọn àti áàtì tó mọ́ ni mo máa dábàá kí wọ́n tó ro LED.

Àwọn Triumph àti BSA àtijọ́ ti Bírítéènì yàtọ̀ pátápátá. Pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ férému lára wọn, wáyà pupa tí ẹni tó mọ Honda rò pé iná wà nínú rẹ̀ ni áàtì wọn. LED jẹ́ dáyóòdù, apá kan ṣoṣo ni iná lè gbà kọjá nínú rẹ̀, nítorí náà gílóòbù LED tí a ṣe fún áàtì négétíìfù kò ní tàn níbẹ̀, fíláṣà oníwáyà mẹ́ta sì lè jóná bí a bá so ó mọ́ ọn bí ó ṣe wà. Ẹnu ìsopọ̀ wọn pàápàá tóbi ju ti Japan lọ, milimítà 4.7. Páálí àkójọ yìí sọ pé ó dára fún alùpùpù àtijọ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò bi mí léèrè ìdí tí n kò fi lo m-unit ti Motogadget, ilé iṣẹ́ Jámánì tó wà ní Berlin, èyí tó kó iṣẹ́ fíúsì, réléè (súìsì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa) àti fíláṣà sínú àpótí kékeré kan. Ohun dáradára ni, ó ń dáàbò bo ojú iná kọ̀ọ̀kan láìlo fíúsì onírin, ó sì mọ LED yàtọ̀ sí gílóòbù olókùn láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tún gbogbo wáyárìn kọ́ láti ìpìlẹ̀ ni ó wà fún, tó fẹ́ súìsì tuntun, tí kò sì bìkítà bóyá ìwé Honda ṣì bá alùpùpù rẹ̀ mu. Fún CB350 tí a fẹ́ kí ó wà bí Honda ṣe ṣe é, mo yan ìdì wáyà aláwọ̀ àtijọ́.

Ẹni tó bá ra á kó má ṣe so ó láìkọ́kọ́ tú súìsì ọwọ́ òsì. Àkójọ náà kò ní súìsì nínú, bẹ́ẹ̀ inú súìsì àtijọ́ ni gíríìsì ti gbẹ di bí ọ̀dà mọ́ ojú bàbà. Mo fi páálí tínrín àti ọṣẹ ìfọ-wáyà nù ún, mo sì fi gíríìsì tuntun díẹ̀ sí i. Bákan náà, kò sí wáyà áàtì nínípọn tó so bátìrì mọ́ férému àti ẹ́ńjìnnì nínú páálí náà, ó sì ṣe mí ní kàyéfì, nítorí pé gbogbo wáyà aláwọ̀ ewé tuntun yẹn ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Mo ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ bóòtù rẹ̀ títí irin fi yọ, mo dè é pa. Lẹ́yìn èyí, mo yọ LED iwájú méjèèjì, mo fi gílóòbù olókùn aláwọ̀ ọsàn, wáàtì 21, sípò wọn nítorí ẹni tó ń wò láti igun, mo sì fi LED sílẹ̀ lẹ́yìn. Fíláṣà gbé àpapọ̀ méjèèjì láìyí ìṣẹ́jú rẹ̀ padà, bí mo sì ṣe ń lò ó báyìí nìyẹn.